Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣánnà fún Ìrìn-àjò Afẹ́, Iṣẹ́-Ọnà àti Àṣà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Lórí Orin Rọ́ọ̀kì Ìlú Wa

Ẹ̀yin Kọmíṣánnà wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run á fún yín ní okun. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ti pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà n ó lọ tààrà sí i.

Ọ̀kan ni mí nínú àwọn tó dàgbà sídìí rẹ́kọ́ọ̀dù ní Èkó láyé àwọn ológun, nígbà tí redíógíráàmù ṣì jẹ́ ọba pálọ̀. Títí di òní la ṣì máa ń péjọ gbọ́ àwọn àwo wa. Ẹnì kan á fa àwo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream yọ, ẹlòmíì á ní Santana lòun gbé wá, ẹnì kẹta á ti gbá Osibisa mọ́yà. Lẹ́yìn náà ni àwo àwọn báńdì Nàìjíríà, BLO, Ofege àti Monomono, á jáde, ohùn wa á sì yí padà, torí tiwa nìwọ̀nyẹn. Kí abẹ́rẹ́ tó balẹ̀, àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ta gìtá lójú kejì àwo. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ́ tó, ibì kan náà ló máa ń já sí: Èkó wà nínú ìtàn orin rọ́ọ̀kì àgbáyé ju bí àwọn ọmọ wa ti mọ̀ lọ, àwọn àjèjì ló sì ń bá wa tọ́jú ìtàn náà. Àwa tá a rí i ń darúgbó. Ẹ̀dùn ọkàn yìí ni mo kó wá síwájú yín ní gbangba, kí ará ìlú lè bá wa gbọ́.

1. Ọ̀rọ̀ sítúdíò Wharf Road ní Àpápá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, olórin tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ó ti ní kí EMI, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, kọ orúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n ní sítúdíò sí fún òun. Nínú gbogbo ìlú tó wà níbẹ̀, Èkó ló mú. Kó tó kúrò nílé, méjì nínú àwọn ọmọ Wings, ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà, ti fi í sílẹ̀: Henry McCullough tó ń ta gìtá àti Denny Seiwell tó ń lu ìlù. Òun àti Linda ìyàwó rẹ̀, Denny Laine, àti Geoff Emerick tó ń bójú tó ẹ̀rọ ló kù. Àwọn ló wọ sítúdíò EMI ní Wharf Road. Ẹ̀rọ téèpù kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀, Studer tó ń gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí kò sí onílù mọ́, McCartney fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìlù. Òun ló tún ta gìtá béèsì, ó sì bá Denny Laine pín àwọn gìtá yòókù ta.

Àwo tí wọ́n ṣe nínú òjò Èkó yẹn ni “Band on the Run”. Ó jáde ní ìparí ọdún náà, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, wọ́n tún un gbé jáde ní 2024, ayé sì tún ń sọ nípa rẹ̀ bí ẹni pé àná ló jáde.

Mi ò ní fi apá tó korò pamọ́ fún yín. Àwọn olè dá McCartney àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lóru, wọ́n yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n sì gba téèpù tó gba àwọn orin náà sí àti ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sí. Orí ló fi rántí wọn padà. Fẹlá náà lọ bá a ní sítúdíò, ó ní McCartney wá jí orin aláwọ̀ dúdú ni. McCartney tẹ téèpù fún un kó fetí ara rẹ̀ gbọ́, ó sì rí i pé kò sí orin tiwa níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni McCartney lọ sí Shrine, ilé ijó Fẹlá, orin tó gbọ́ níbẹ̀ dùn débi tó fi sunkún. Ó tún ku ẹyọ kan tí inú mi máa ń dùn láti sọ. Nígbà tí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pe ẹnì kan kó wá lu ìlù ọwọ́ sí orin “Bluebird”. Remi Kabaka ni ẹni náà, ó sì wá jẹ́ pé ọmọ Èkó ni. Wọ́n wá wa wá sí Èkó, ilé wọn ní òkè òkun ni wọ́n ti bá wa pàdé.

Ẹ̀yin Kọmíṣánnà, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. EMI yìí kan náà ló ni sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ní ọdún 2010, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ Abbey Road sínú ìwé àwọn ilé tí òfin dáàbò bò, ẹnikẹ́ni kò lè wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ. Ní ọdún kan náà, wọ́n tún dáàbò bo ìlà funfun ojú títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá níwájú rẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò ara àwo Beatles kan. Ìlà ojú títì lásán! Ta ni nínú wa tó lè mú ọmọ rẹ̀ dé Wharf Road lónìí, láàárín àwọn ọkọ̀ ajẹ́rù, kó nàka sí ilé kan kó ní, “Ibí ni”? Àlejò tó bá ti ìlú òkèèrè wá nítorí ibẹ̀, kí ni ìjọba yín ṣètò sílẹ̀ fún un láti rí?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé torí òyìnbó kan la ṣe ń pariwo. EMI Nàìjíríà ló gbé “Shakara” Fẹlá jáde, òun ló gbé “Gentleman” jáde, òun ló gbé àwọn ọmọdé tí n ó sọ̀rọ̀ wọn níwájú dé ojú ayé. Ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ padà nígbà tó yá, àwọn tó ni ín sì yí padà. Ìtàn ibẹ̀ kò yí padà.

2. Ọ̀rọ̀ Ginger Baker àti sítúdíò Ìkẹjà.

Ẹni tó bá gbọ́ Cream láàárín 1966 sí 1968 mọ ohun tí ọwọ́ Ginger Baker lè ṣe sí ìlù. Ní 1971, ó wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì ya fíìmù ìrìn-àjò náà. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti Fẹlá gba àwo “Live!” sílẹ̀ ní Abbey Road, níwájú èrò. Ní 1973, ó ṣí sítúdíò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ARC sí Ìkẹjà, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba ohùn mẹ́rìndínlógún, ìlọ́po méjì ti Àpápá. Ibẹ̀ ni McCartney ti gba “Picasso’s Last Words” sílẹ̀, tí Baker sì bu òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, tó ń mì ín bí a ti ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ orin náà dáadáa, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì sí wa jù ni àwọn ọmọ wa tó bá a ṣiṣẹ́. Remi Kabaka wà nínú Airforce, ẹgbẹ́ tí Baker dá sílẹ̀ lẹ́yìn Cream. Joni Haastrup náà bá Airforce te kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí Baker dá ẹgbẹ́ Salt sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ìbejì Líjàdù tó ń kọrin àti àwọn ọmọ tó padà di BLO wà nínú rẹ̀. Onílù tí gbogbo ayé ń wárí fún jókòó ti àwọn onílù Èkó, ó kọ́ lára wọn, àwọn náà kọ́ lára rẹ̀. Ó padà kúrò níbí lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sítúdíò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Àdúgbò tí sítúdíò náà wà ní Ìkẹjà tọ́ sí àmì kan, kódà bí ó jẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan lára ògiri.

3. Ọ̀rọ̀ àwọn báńdì tiwa, èyí tó dùn mí jù.

Ẹ fún mi láyè níbí, ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọkùnrin mẹ́ta: Berkley Jones lórí gìtá, Láolú Akins lórí ìlù, Mike Ọdúmosù lórí gìtá béèsì. Wọ́n mú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn, ó di BLO. Àwo wọn àkọ́kọ́, “Chapter One”, jáde lọ́dọ̀ EMI ní 1973. Àwa tó gbọ́ ọ nígbà náà, ẹnu yà wá. Gìtá Berkley ń kùn, ó ń fa ohùn gùn, ó ń há bí ẹni pé iná mànàmáná inú rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, Láolú kò sá eré kankan. Ó ń lu ìlù rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi àyè sílẹ̀, àyè yẹn gan-an ló ń mú ni lórí wú. Nínú “Chant to Mother Earth”, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ bí ìwúre. A ti gbọ́ Jimi Hendrix, a ti gbọ́ Cream, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ rọ́ọ̀kì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ Èkó.

Ọdún 1973 yẹn náà ni Ofege dé. Ọmọ iléèwé ni wọ́n, ní St. Gregory’s College lápá Ọbáléndé! Melvin Ukachi ló ṣáájú wọn nínú orin kíkọ. Odion Iruoje, ọ̀gá tó ń wá olórin fún EMI, gbọ́ wọn, ó sì mú wọn wọ sítúdíò. Àwo “Try and Love” ni wọ́n bọ́ síta pẹ̀lú rẹ̀, orin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ “Gbe Mi Lo”. Ẹ má bi mí bí ìyẹn ṣe rí létí ọmọ iléèwé tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo wa fẹ́ di Ofege. Ọ̀pọ̀ nínú wa mú ike àti pákó, a fi okùn sí i, a ní gìtá ni. Àwọn òbí wa bínú títí, ìwé ni wọ́n fẹ́ kí á kà.

Ẹ rántí bí a ti ń múra lọ síbi àríyá nígbà náà: ṣòkòtò bóńgò tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò débi tó ń gbálẹ̀, bàtà salamáńdà tó ga, irun àfúrò tí a yà pẹ̀lú kóòmù onírin. Redíógíráàmù bàbá ẹnikẹ́ni kò ṣeé fọwọ́ kàn bí bàbá bá wà nílé. A ó dúró kó jáde. Kíá la ó gbé àwo sí i, ẹnì kan á sì dúró sójú fèrèsé máa ṣọ́nà. Bí orin bá ń lọ, páálí àwo á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, a ó kà á láti òkè dé ilẹ̀: ta ló kọ orin, ta ló bójú tó ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ wo, ọdún wo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ orúkọ Odion Iruoje. Ara páálí Osibisa ti 1971, eléyìí tí Roger Dean ya erin abìyẹ́ sí, a máa ń wò ó títí ojú á fi rẹ̀ wá. Àwo yẹn náà kàn wá o, torí ọmọ wa, Lasisi Amao, wà nínú ẹgbẹ́ náà láàárín àwọn ará Gánà tó dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, Mike Ọdúmosù ti BLO náà lọ bá Osibisa ta gìtá béèsì.

Monomono ni àwọn àgbà àárín wa fẹ́ràn jù. Joni Haastrup, tó ti kọrin pẹ̀lú Orlando Julius lórí “Super Afro Soul” ní 1966, ló kó wọn jọ, Baba Ken Okulolo sì ń ta béèsì. “Give the Beggar a Chance” ni àwo àkọ́kọ́, “The Dawn of Awareness” tẹ̀lé e. Kò sí ariwo púpọ̀ nínú orin wọn. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń ronú. Èmi gbà pé àwo kejì dára ju àkọ́kọ́ lọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi kò gbà, a ó sì máa jà á lọ títí Ọlọ́run á fi pè wá.

Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù ńkọ́? Ìbejì tó ń kọ orin fúnra wọn, tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò rí ipò obìnrin nínú báńdì ju agbèrin lọ. Biddy Wright ló bá wọn fi ohun èlò orin sí i. “Danger” jáde ní 1976, “Mother Africa” ní 1977, “Sunshine” ní 1978, “Horizon Unlimited” ní 1979. Àwo mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́rin! “Orere Elejigbo” tó wà nínú èyí tó kẹ́yìn, ẹ fi í lé àwọn ọ̀dọ́ òde òní lọ́wọ́, ẹ wò bóyá wọn kò ní béèrè ẹni tó kọ ọ́. Kẹ́hìndé kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2019.

Bí mo ti ń ka orúkọ, ẹ ń gbọ́ iye tó ti lọ. Ségun Bucknor, olórin tiwa, lọ ní 2017, Ginger Baker àti Kẹ́hìndé ní 2019, Tony Allen, onílù Fẹlá, ní 2020, Orlando Julius ní 2022, Denny Laine ní 2023. Ẹni tó kù lè sọ ohun tó rí. Ta ló ń béèrè lọ́wọ́ wọn?

4. Ọ̀rọ̀ Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò.

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1927 ni wọ́n bí i ní Àjídò, lágbègbè Àgbádárìgì, nínú ìpínlẹ̀ yín. Ó lọ kàwé ní Atlanta ní 1950, ó sì gbé “Drums of Passion” jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. “Jin-go-lo-ba” tó wà nínú rẹ̀ ni Santana mú, tí wọ́n pè ní “Jingo”, tí wọ́n fi sínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1969. Gìtá Carlos Santana tó ń ké lórí ìlù Àgbádárìgì ló mú ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó mọ ohun tí ìlù wa ń sọ. Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Grateful Dead, fà á mọ́ra, òun àti Síkírù Adépọ̀jù tó ń fi gángan sọ̀rọ̀ sì wà nínú “Planet Drum” ti 1991, tó gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣètò fún orin àgbáyé. Ọlátúnjí kú ní 2003. Ní 2004, Ibi Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ “Drums of Passion” sínú ìwé àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ tọ́jú títí láé.

Amẹ́ríkà ka ọmọ Àjídò sí ogún tirẹ̀. Arìnrìn-àjò tó ń lọ wo ibi ìrántí òwò ẹrú ní Àgbádárìgì, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìlú onílù yìí wà nítòsí.

5. Ọ̀rọ̀ téèpù, tí kò lè dúró mọ́.

Téèpù ni wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ nígbà náà. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ ọn lára, inú ìyẹ̀fun yẹn ni ohùn wà. Níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, gọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ téèpù ìgbà náà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á rọ̀, á máa lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun náà á máa ya kúrò lára ike, orin á sì bá a lọ. Ó ní àtúnṣe. Wọ́n máa ń fi ooru ìwọ̀nba, nǹkan bíi ìwọ̀n 50 lórí Celsius, yan téèpù náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó lè gbẹ, wọ́n á sì gba ohùn rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kíákíá, torí àǹfààní yẹn kì í pẹ́. Yàrá tútù kan, ẹ̀rọ téèpù tó péye àti onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ló gbà. Ní Èkó wa yìí, gbogbo òjò tó bá rọ̀ lórí yàrá tí téèpù wà láìsí ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ nínú ohun tó kù.

Ní báyìí, àwọn wo ló ń tọ́jú orin náà? Àwọn ilé-iṣẹ́ àwo òkè òkun ni. Strut kó orin BLO jọ. Soundway ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àkójọ rọ́ọ̀kì Nàìjíríà jáde ní 2008. Now-Again ní Los Angeles ṣe “Wake Up You!” ní apá méjì ní 2016, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà, ló sì kọ ìtàn tó wà nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn látọkàn wá. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní tún gbọ́ àwọn orin kan mọ́. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù ni wọ́n fi ṣe é, torí wọn kò rí téèpù. Ẹ ó gbọ́ abẹ́rẹ́ tó ń ta lábẹ́ orin.

Ẹ tún wo òfin. Òfin Nàìjíríà dáàbò bo ohùn inú àwo fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwo tó jáde ní 1973, ààbò ohùn inú rẹ̀ ti tán ní òpin ọdún 2023. Ẹni tó kọ orin náà ṣì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n “Chapter One” àti “Try and Love” ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò tó wà fún ohùn tí a gbà sílẹ̀, lójú àwọn tó ṣe é. Lọ́dọọdún ni àwọn míì á máa tẹ̀lé wọn. Bí ìjọba kò bá dá sí i nísinsìnyí, owó kò ní kan àwọn arúgbó wọ̀nyí láti ibẹ̀, ọlá náà kò sì ní kàn wọ́n.

6. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe àṣà wa.

Mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì yín: ẹ tọ́jú àpàlà, ẹ tọ́jú jùjú, ẹ tọ́jú fújì, kí ló kàn wá nínú gìtá òyìnbó? Gbogbo orin wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹni tó bójú tó “Ace” Shina Peters ní 1989, àwo tó da Èkó rú tí gbogbo ènìyàn fi ń jó àfúró-jùjú. Láolú Akins ni, onílù BLO. Ohun tó kọ́ nídìí rọ́ọ̀kì ló gbé wá sínú jùjú. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú jùjú láì tọ́jú BLO ń gé ìdí igi tó fẹ́ ká èso rẹ̀.

Ìjọba Èkó sì ti fi hàn pé ó lè ṣe é. Ní 2012, ìjọba ló ṣètìlẹ́yìn kí ilé Fẹlá ní òpópónà Gbemisola, Ìkẹjà, lè di Kalakuta Museum. Ìjọba ló kọ́ ilé ìtàn àti àṣà Yorùbá ti John Randle sí Oníkan. Owó wà, ilé wà, ọgbọ́n wà.

Ohun tí a ń béèrè nìyí, kò ju agbára yín lọ:

Ẹ fi àmì sí ibi tí sítúdíò EMI wà ní Wharf Road, Àpápá, àti ibi tí ARC wà ní Ìkẹjà, kí àmì náà sọ orúkọ àwọn ọmọ Èkó tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó sọ orúkọ àwọn àlejò.

Ẹ gbé kámẹ́rà lọ bá àwọn olórin, àwọn tó bójú tó ẹ̀rọ, àwọn tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù àti àwọn tó ń ṣètò àríyá, ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà lókè òkun, kí wọ́n sọ ìtàn wọn lẹ́nu ara wọn. Ẹ sì san owó fún wọn, kí ó má jẹ́ fọ́tò lásán ni wọ́n á rí gbà.

Ẹ pe gbogbo ẹni tí téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ sípàdé, ilé-iṣẹ́ tàbí ìdílé, kí ẹ sì bá wọn dá yàrá ìtọ́jú téèpù sílẹ̀, níbi tí wọ́n á ti gba orin sórí kọ̀ǹpútà láì gba ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ní rẹ́kọ́ọ̀dù nílé ṣe tán láti gbé tiwa wá níbi tí téèpù bá ti sọnù. A ó gbé páálí rẹ̀ wá pẹ̀lú, torí ìtàn pọ̀ lára páálí.

Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ ní ilé John Randle fún rọ́ọ̀kì Èkó, kí àwọn ọmọ iléèwé lè gbé ìgbọ́rọ̀ sétí gbọ́ Ofege, kí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ẹ bá Ọba àti ará Àjídò jókòó lórí ìrántí Babátúndé Ọlátúnjí, kí ẹ sì bá ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ọdún àádọ́ta inú òfin yẹn.

A fún ara wa ní oṣù mẹ́ta láti dúró de èsì yín. Láàárín ìgbà náà, a ó máa kọ orúkọ àwọn àwo tó wà lọ́wọ́ wa sílẹ̀, ọdún tó jáde, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde àti bí ara rẹ̀ ti rí, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá pè wá. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí a kò gbọ́ nǹkan, a ó gbé lẹ́tà yìí kan náà lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì Èkó